Orúkọ Tí Ọwọ́ Mi Kò Lè Tẹ̀

Basement ilé Adébánjọ,
Saddle Ridge,
Calgary, Alberta,
Canada.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Dóyin mi, ọ̀rẹ́ tí a jọ pín bẹ́ǹṣì kan láti JSS One,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Màmá ń gbádùn ara wọn, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti yé fi maṣínì sílẹ̀ lọ máa wo fóònù? Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́, ṣé wọ́n ń mú iná wá? Bí o bá bi èmi náà, a wà, a dúpẹ́, òtútù nìkan ló ń bá wa jà. Snow ti ga dé ojú fèrèsé basement wa. Bí mo bá ṣí kọ́tìnì láàárọ̀, funfun báláú ni mo ń rí, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìyẹ̀fun dí wa mọ́lé. Ṣùgbọ́n inú ilé gbóná, ọkọ mi sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi, Dóyin! Mo ṣì máa ń sọ ọ́ sókè nígbà tí kò sẹ́nì kankan nítòsí, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

O ó ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí WhatsApp wà. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí, ó sì gbà láti bá mi mú àlùmọ́gàjí tí mo ṣèlérí fún ọ wá. Ìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ pupa, tó ń gé jíǹsì bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Mo wá ní kí n fi lẹ́tà sí i nínú, torí ohun tí mo fẹ́ sọ gùn ju voice note lọ. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín ló gba gbogbo rẹ̀.

Oṣù méjì rèé tí a ti ṣègbéyàwó, ìwọ náà sì wò ó lórí fóònù, o rí bí mo ṣe ń sunkún tí ìpara ojú mi ṣàn dé ọrùn. Ìgbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, Màmá mi pè mí, wọ́n ní, “Ìbílọlá, Kánádà lo wà o, ṣùgbọ́n ilé ọkọ ni ilé ọkọ. Ẹni tí o bá bá nínú ẹbí yẹn, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, o ò gbọdọ̀ fi orúkọ pè é.” Mo ní mo ti gbọ́ mà. Ni mo bá sọ gbogbo wọn lórúkọ. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Edmonton, Akọ̀wé ni mo ń pè é, torí bíírò kò kúrò lápò rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ni ilé tí à ń gbé. Àwọn àti ìdílé wọn wà lókè, àwa wà ní basement. Mo sọ wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Òkè. Orúkọ yẹn dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dáhùn gẹ́gẹ́ bí ìyá ọba. Orúkọ wọn gan-an kò ní jáde nínú lẹ́tà yìí, má bínú, mi ò lè kọ ọ́. O mọ̀ ọ́n, ó wà lórí káàdì ìgbéyàwó wa. Ọkọ mi nìkan ni mo ń dárúkọ, òun fúnra rẹ̀ ló ní bí mo bá tún pe òun ní “Dádì” láìtíì bímọ, òun á sá lọ. Rótìmí ni mo ń pè é.

Ó dáa, jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ warehouse ẹ̀gbẹ́ airport sílẹ̀, mo wọ kíláàsì ọ̀fẹ́ kan ní downtown tí wọ́n ti ń kọ́ àwa tí a kò ju sẹ́kọ́ńdìrì lọ bí a ṣe ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà. Caroline ni olùkọ́ wa, òyìnbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tíì kì í gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìparí kíláàsì, oníkálùkù á fi ètò tó kọ han àwọn àlejò. Iléeṣẹ́ kékeré kan sì ní àyè iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ẹni tó bá wù wọ́n jù. Wọ́n á máa sanwó fún un, wọ́n á sì máa kọ́ ọ lọ. Dóyin, mo fẹ́ àyè yẹn bí aboyún ṣe ń fẹ́ ohun tó ń wù ú. Ẹ̀rọ àti epo rọ̀bì ni gbogbo ẹbí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́. Tí a bá jókòó jẹun lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n ń bi ara wọn pé “Iṣẹ́ ńkọ́?”, kò sẹ́ni tó fojú tín-ínrín mi rí, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kàn mí, “Ọbẹ̀ yìí mà dùn o, ìyàwó” ni wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ kí wọ́n bi èmi náà pé iṣẹ́ ńkọ́.

Ètò tí mo kọ rèé: á lọ wo ojú ọjọ́ Calgary lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á wá fi Yorùbá sọ fún ọ iye aṣọ tí o máa wọ̀. Bí òtútù kò bá pọ̀, á ní “Aṣọ méjì tó.” Bó bá le díẹ̀, “Mẹ́ta, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.” Bó bá wá di èyí tó ń gé etí ènìyàn, á ní “Jókòó sílé, rán ọkọ rẹ.” Rótìmí ní ìyẹn kò bójú mu. Mo ní kí ó lọ kọ tiẹ̀.

O bi mí nígbà kan pé kí ni package tí mo máa ń dárúkọ. Wò ó báyìí: bí o bá ń rán kaba, ṣé ìwọ lo ń rọ síìpù? Ẹlòmíràn ti rọ ọ́ sílẹ̀, o kàn rà á, o rán an mọ́ aṣọ. Package náà nìyẹn, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti kọ parí, tí wàá gbé sínú kọ̀ǹpútà rẹ kí ètò tìrẹ lè máa lò ó. Tèmi nílò ọ̀kan tó ń jẹ́ requests, òun ló ń bá mi lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti gbé e sínú laptop mi. Ojú mi ló ṣe, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ètò mi ṣiṣẹ́, á ní òun kò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tún ní kí ètò ṣiṣẹ́, ó ní kò sí. Wà, kò sí. Wà, kò sí! Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí.

Ẹnì kan ní kíláàsì wá ní kò le, kí n wo ibi tí package náà wọlé sí, kí n kọ àdírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ sókè ètò mi, kí Python lè mọ ọ̀nà. Python ni èdè tí à ń fi kọ ètò náà. Mo kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò bá mi jà, kò sọ pé mo ṣe àṣìṣe, ó kàn ń tún un sọ pé òun kò rí i. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn mi ò lè jẹun dáadáa, ìyàwó tuntun! Ọjọ́ tí a ó fi ètò wa han àwọn àlejò sì ń bọ̀ ní Tọ́sìdeè.

Lọ́sàn-án Sátidé, Rótìmí fa àga tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Caroline ti ṣòfin pé ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan iṣẹ́ wa, nítorí náà ó ní kí n kàn máa kà á sí òun létí, ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ń kà á lọ títí mo fi dé ìlà àdírẹ́ẹ̀sì. Ó dáwọ́ ẹ̀pà dúró.

“Tún ìyẹn kà.”

“C, Users, EgbonOke, AppData...”

“Ta ni?”

“EgbonOke.”

“Ìbílọlá, wo ojú mi. Ta ló ń jẹ́ Ẹ̀gbọ́n Òkè nínú kọ̀ǹpútà?”

Dóyin, ara mi tutù. O rí i, Ẹ̀gbọ́n Òkè ló fún mi ní laptop yẹn. Òun ni wọ́n fi ka ìwé master’s wọn, orúkọ wọn ló sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí o bá gbé wọlé, inú folder tó ń jẹ́ orúkọ wọn ló ń lọ. Èmi, bí mo ṣe ń wo àdírẹ́ẹ̀sì yẹn tí mo ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi fò orúkọ náà, ó sì tẹ èyí tí mo ń pè wọ́n lójoojúmọ́. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe é! Mo sì ti kà á ní àìmọye ìgbà, mi ò rí nǹkan kan tó burú ńbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń lọ sílé ẹni tí kò sí, ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń padà.

Rótìmí rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ẹ̀pà fọ́n káàkiri. “Ìyàwó mi ń bọ̀wọ̀ fún folder! Ó kù kí o kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀!”

“Kò pa mí lẹ́rìn-ín.”

“Ó dáa, ó dáa. Pa á rẹ́, kí o tẹ orúkọ wọn gan-an.”

Mo tẹ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ wọn sì ń dún lókè orí wa, gbì, gbì, gbì, wọ́n ń ti ibi sinkì lọ sídìí fíríìjì. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

“Wọn ò lè rí ọ, Ìbílọlá.”

“Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn!”

“Nígbà náà dà á kọ, copy and paste. Ìyẹn kì í ṣe pé o pè é.”

“Ta ló máa gbé e sọ síbẹ̀? Ṣé ọwọ́ yìí náà kọ́?”

Ó ní òun ti fẹ́ wèrè. Mo ní kí ó padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń fajú ro ni ọ̀rọ̀ Caroline ti sọ sí mi lọ́kàn. Ó máa ń sọ pé ohun tí kọ̀ǹpútà lè fẹnu ara rẹ̀ sọ, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kọ ọ́ fún un. Mo gbéra sọ! Bí èmi kò bá lè sọ ibi tí package wà, ẹ jẹ́ kí ètò náà bi ara rẹ̀ léèrè. Mo pa ìlà àdírẹ́ẹ̀sì yẹn rẹ́ pátápátá, mo wá kọ ìbéèrè mẹ́ta síbẹ̀. Àkọ́kọ́: ìwọ Python tó ń sọ̀rọ̀ yìí, níbo lò ń gbé? Ìkejì: ka gbogbo package tó wà lọ́wọ́ rẹ fún mi, àti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta: èyí tí mo ń wá yìí, ṣé o rí i, níbo ló wà? Ìkẹta yìí ni wọ́n ń pè ní find_spec. O kàn fún un ní orúkọ package, bó bá wà, á sọ ibi tó wà fún ọ, bí kò bá sí, á ní None. Kò sí ìjà, kò sí ariwo.

Mo bèèrè nínú fèrèsé orí laptop tí mo ti ń kọ ètò mi, ó ní None. Mo bèèrè nínú fèrèsé kejì, èyí tí mo fi gbé package wọlé, ó ní ó wà níbí, ó tún ka àwọn package jàn-ànràn jan-anran tí èmi kò rí rí. Mo wá wo ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Ilé tí fèrèsé méjèèjì sọ pé àwọn ń gbé yàtọ̀ síra! Python méjì ló wà nínú laptop kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni èyí tí Ẹ̀gbọ́n Òkè ti lò nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì, èkejì ni tèmi tí mo gbé wọlé fún kíláàsì. Package mi ti wà lọ́dọ̀ ti àtijọ́ látọjọ́ yìí, tuntun kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí mò ń wá ìkòkò ọbẹ̀ ní basement, tí ó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ará òkè.

Mo ní kí Python tèmi fúnra rẹ̀ gbé package náà wọlé. Mo tún bi í léèrè, ó sì sọ ibi tó wà fún mi. Ètò náà ṣiṣẹ́! Ó ní “Mẹ́ta, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.” Mo fò, mo dì mọ́ Rótìmí, a jó yí tábìlì po lórí ẹ̀pà tó fọ́n sílẹ̀. Àwọn ará òkè fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ pé kí ló dé. Mo fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn sílẹ̀ sókè ètò mi, kó lè máa kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ a máa gbé orúkọ Ẹ̀gbọ́n jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe tèmi. Èmi a máa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí á fi kọjá.

Tọ́sìdeè dé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Saddletowne lọ sí downtown. Ẹ̀gbọ́n Òkè ti sọ pé àwọn ní ìpàdé, àwọn kò ní lè wá. Nígbà tó kàn mí, mo so laptop mọ́ screen ńlá tó gba gbogbo ògiri, mo kí àwọn àlejò, mo tẹ ètò mi. Bí mo ṣe ní kí n bojú wẹ̀yìn, ta ni mo rí tó ń wọlé, láìwọ kóòtù, tí wọ́n gba inú Plus 15, afárá abòrùlé tó so àwọn ilé downtown pọ̀, sáré wá láti ọ́fíìsì wọn? Ẹ̀gbọ́n Òkè! Wọ́n jókòó sí iwájú gan-an, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ní àkókò yẹn gan-an ni ìdáhùn jáde. Orúkọ wọn, Dóyin. Gàdàgbà-gadagba lára ògiri, tó ga tó èmi, ní ìlà mẹ́ta, láìsí “Ẹ̀gbọ́n”, láìsí “Àǹtí”, kódà kò sí “Mrs.”

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúnkún mi ti kanlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú! Èmi kọ́ ni mo pè yín bẹ́ẹ̀ o, kọ̀ǹpútà ni!”

Gbogbo yàrá dìde. Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi. Caroline gbé tíì rẹ̀ wá kí n mu ún. Ẹ̀gbọ́n Òkè kọ́kọ́ wo ògiri, wọ́n wo èmi, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń di ikùn mú rín. “Ìyàwó, dìde! Dìde ńlẹ̀, mo ti dárí jì í, mo dárí ji kọ̀ǹpútà!” Wọ́n wá fi òyìnbó ṣàlàyé fún àwọn àlejò pé lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í dárúkọ ará ilé ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan, òun ló ni iléeṣẹ́ kékeré náà, wò mí.

“Ṣé torí kí o má baà tẹ orúkọ kan lo ṣe kọ gbogbo àyẹ̀wò yìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

“Bí a bá wá gbé ètò yìí sórí kọ̀ǹpútà wa tí package yẹn kò sí ńkọ́?”

Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi, mo ní kí ètò mi wá package kan tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Kò kú, kò bú gbàù. Ó kọ ọ́ jáde bí mo ṣe kọ́ ọ pé, “Èyí kò sí níbí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wá.” Ẹ̀gbọ́n Òkè túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ètò wá wo ojú ọjọ́. Òtútù ọjọ́ yẹn, má wulẹ̀ bèèrè. Ó ní, “Jókòó sílé, rán ọkọ rẹ.” Ẹ̀gbọ́n Òkè ní àwọn kò ní túmọ̀ ìyẹn.

Wọ́n ní ká máa retí ìpè. Agbára káká ni mo fi sùn. Ní Fúráìdeè, ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, mò ń fi ṣọ́bìrì kó snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà, fóònù dún nínú kóòtù mi. Mo fi eyín bọ́ ìbọ̀wọ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa ni. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun máa ń fi ọwọ́ kọ àdírẹ́ẹ̀sì sínú ètò, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á dá iṣẹ́ sílẹ̀. Òun fẹ́ ẹni tí ojú ń tì láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta.

Dóyin, mo ju ṣọ́bìrì nù! Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Òkè fi sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n dì mọ́ mi, a jọ ń fò nínú snow títí sálúbàtà kan fi sọnù. A kò tíì rí i títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí. Àìkú tó tẹ̀ lé e, a jókòó jẹun, mo bu ọbẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n Òkè gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n kọjú sí mi níwájú gbogbo ilé, wọ́n ní, “Ìyàwó, iṣẹ́ ńkọ́?” Mo fi etí ìró nu ojú. Rótìmí ló bá mi dá wọn lóhùn, ó ní, “Ó ń sunkún lọ́wọ́.”

Wọ́n ní laptop yẹn ti di tèmi pátápátá, kí n ṣí àyè tèmi sínú rẹ̀. Mo ṣí i. Ó bi mí pé kí ni orúkọ, mo sì tẹ Ìbílọlá. Ní báyìí, ohunkóhun tí mo bá gbé wọlé, inú folder tó ń jẹ́ orúkọ mi ló ń lọ. Ìdí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí ni pé Akọ̀wé ń gbé ìyàwó lóṣù Kẹjọ. Ìyàwó náà fẹ́ wọ kíláàsì Caroline, Ẹ̀gbọ́n Òkè sì ní kí n gbé laptop náà fún un nígbà tí iléeṣẹ́ mi bá fún mi ní tuntun. Èmi ló bá nílé! Ọwọ́ tiẹ̀ náà kò ní lè tẹ orúkọ mi. Mo ti fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn sílẹ̀ dè é.

Bá mi kí Màmá, kí wọ́n fi nǹkan gbígbóná tẹ orúnkún yẹn. Kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi, kí o sì sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí pupa yẹn láìgbàṣẹ, èmi àti ẹ̀ ni. Rótìmí ní kí n kí ọ, ó ní ẹ̀pà ń bẹ nílé bí o bá wá. Bí o bá fẹ́ fèsì, kọ orúkọ tuntun mi sára àpò lẹ́tà, kọ ọ́ gàdàgbà, ìwọ kì í ṣe ìyàwó ilé yìí, kò sí èèwọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ láéláé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ láti Fúráìdeè,

Ìbílọlá Adébánjọ